Bí èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pródúsà nínú yàrá rẹ̀ láìjẹ gbèsè

Ojoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé àwọn fẹ́ máa ṣe bíìtì ń pọ̀ sí i. Ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́, ó ṣòro kí èèyàn rí àdúgbò tí kò ní ọmọ tó fi hẹ́dífóònù sétí, tó ń fi ìka lu kíìbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù. Orin Afrobeats tó ń dún kárí ayé ló ń fà wọ́n, wọn ò sì jẹ̀bi. Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan ń yá owó lórí áàpù fóònù, àwọn mìíràn ń fi owó iléèwé ra máìkì, torí wọ́n gbà pé láìsí irinṣẹ́ olówó ńlá, orin ò lè dún dáadáa.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé owó tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lónìí kéré gan-an. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí èèyàn mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rà, ohun tó lè dúró dìgbà mìíràn, àti ohun tí kò tiẹ̀ yẹ kó náwó lé rárá.

Kí ni pródúsà ń ṣe gan-an?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí sítúdíò ńlá tó ní ẹ̀rọ téèpù, kó sì sanwó bí àkókò tó lò bá ṣe pọ̀ tó. Olórin kan ní Enugu, William Onyeabor, ní sítúdíò tirẹ̀ àti àwọn kíìbọ́ọ̀dù oníná ní ìparí ọdún 1970 sí 1980, ó sì fi wọ́n ṣe àwo tí àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ mẹ̀kúnnù lè ní nígbà yẹn.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní ọdún 1983, nígbà tí ìlànà tí wọ́n ń pè ní MIDI jáde. MIDI ló jẹ́ kí kíìbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè gbọ́ ara wọn yé. Ní ọdún 1997, iléeṣẹ́ Image-Line ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù gbé sọ́fíwíà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní FruityLoops. Òun ló di FL Studio tí ọ̀pọ̀ pródúsà ilẹ̀ Nàìjíríà ń lò lónìí.

Irú sọ́fíwíà báyìí ni wọ́n ń pè ní DAW. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Pródúsà á to ìlù sí ìlà kan, á to béèsì sí ìlà kejì, á to dùùrù sí ìkẹta, á sì fi ohùn olórin sí ìlà mìíràn. Lẹ́yìn náà á máa gbé ọ̀kan sókè, á máa rẹ òmíràn sílẹ̀, títí tí gbogbo wọn á fi dún papọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Tó bá parí, á kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi fáìlì orin kan ṣoṣo.

Fóònù àbí láptọ́ọ̀pù?

Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ lè bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Áàpù BandLab wà fún Android àti iPhone, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó ní iPhone tún lè lo GarageBand, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré èyí o. Orí fóònù iPhone, pẹ̀lú GarageBand, ni ọ̀dọ́ olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Steve Lacy, ti ṣe iṣẹ́ lára orin «PRIDE.» tó wà nínú àwo Kendrick Lamar tó jáde ní ọdún 2017.

Ohun kan péré ni kí ẹni tó ń lo fóònù ṣọ́ra fún: íapíìsì oní-Bluetooth. Ìró máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí nípasẹ̀ rẹ̀, torí náà ìlù tí èèyàn bá ń fi ìka lù á máa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Íapíìsì oníwáyà ló dára fún iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kò nílò tuntun. Tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí láti ọjà kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí, lè ṣiṣẹ́ náà tí RAM rẹ̀ bá tó 8GB. Ó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 4GB, ṣùgbọ́n á máa há tí ìlà orin bá ti pọ̀. Kí ó sì wo bóyá SSD ló wà nínú rẹ̀, torí hard disk àtijọ́ máa ń fa ẹsẹ̀. Kí olùrà tó sanwó, kó yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀ láti mọ bí bátìrì ṣe lágbára tó. Kó fi íapíìsì sí ihò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìró ń jáde ní etí méjèèjì. Kó sì jẹ́ kí fídíò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó lè rí i bóyá á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tún máa ń ráhùn pé tí àwọn bá tẹ kíìbọ́ọ̀dù, ìró máa ń pẹ́ kó tó jáde. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní buffer ló fà á. Tí ó bá wà ní 1024, ìró á pẹ́ tó nǹkan bíi ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá. Tí wọ́n bá dín in kù sí 128, á di nǹkan bíi ìdá 3 péré. Lórí Windows, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ ASIO4ALL lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí buffer kéré nígbà tí èèyàn bá ń tẹ dùùrù tàbí gba ohùn, kó sì pọ̀ nígbà tó bá ń to orin pọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mí.

Sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ wà, kíráàkì ò pọn dandan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á lọ gba FL Studio tí wọ́n ti fọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kíráàkì, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nínú fúláàṣì ọ̀rẹ́. Yàtọ̀ sí pé olè ni lábẹ́ òfin, ẹni tó fọ́ sọ́fíwíà kì í ṣe àánú. Inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tó ń jí páswọ́ọ̀dù máa ń sá pamọ́ sí, pàápàá jù lọ nígbà tí wọ́n bá ní kí èèyàn kọ́kọ́ pa ohun tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó lè fi í sí i. Orí láptọ́ọ̀pù kan náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ báǹkì àti ímeèlì wọn. Ẹni tó rò pé òun sá fún owó sọ́fíwíà lè wá fi owó inú àkáǹtì dí i.

Kò sì sí ìdí fún un. FL Studio fúnra rẹ̀ ní ẹ̀dà ìdánwò tí kò ní ọjọ́ tí á parí. Èèyàn lè ṣe bíìtì nínú rẹ̀, kó sì kó o jáde bíi fáìlì orin. Ohun tí kò gbà ni pé kí èèyàn tún ṣí iṣẹ́ tó ti fi pamọ́ láti máa bá a lọ, àyàfi tó bá ra sọ́fíwíà náà. Nítorí ìyẹn, àwọn tó gbọ́n máa ń kó ìró kọ̀ọ̀kan jáde ní WAV kí wọ́n tó tì í. Ẹni tó bá sì rà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní sanwó mọ́ fún àwọn ẹ̀dà tuntun tó bá ń jáde.

Yàtọ̀ sí FL Studio, Waveform Free wà, ọ̀fẹ́ ni. LMMS náà wà, ó dára fún títo ìlù àti dùùrù, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ohùn lè fi Audacity kún un. REAPER máa ń fún èèyàn ní 60 ọjọ́ láti dán an wò, lẹ́yìn náà 60 dọ́là ni owó rẹ̀ fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Fún ìró dùùrù àti béèsì, àwọn irinṣẹ́ bíi Vital àti Surge XT wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí èèyàn mú ọ̀kan nínú àwọn DAW yìí, kó dúró tì í fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń pààrọ̀ sọ́fíwíà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò ní mọ ìkankan.

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́

Tí owó kékeré kan bá wọlé, orí hẹ́dífóònù ni kó kọ́kọ́ lọ. Kí í ṣe oríṣi tí wọ́n kọ béèsì ńlá sí lára. Ìyẹn ń tan etí jẹ ni, torí tí hẹ́dífóònù bá ti ń fi béèsì kún béèsì, pródúsà á dín tirẹ̀ kù, orin á wá rù nígbà tó bá dún níbòmíràn. Èyí tó ń jẹ́ kí gbogbo ìró dún bó ṣe rí, tó sì bo etí pátápátá, ló yẹ. Lẹ́yìn náà kí orin tó bá ṣe dún nínú ọkọ̀, lórí rédíò, àti láti ẹnu sípíkà fóònù. Sípíkà fóònù ò lè gbé béèsì tó lọ sísàlẹ̀ gan-an. Bí béèsì bá pòórá níbẹ̀, á jẹ́ pé ó nílò ìró díẹ̀ lókè tí etí lè fi mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ba etí rẹ̀ jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ìró tó wà ní 80 decibel fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ láìséwu. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Tó bá di 100, kò ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Etí tó bá ti bàjẹ́ lọ́nà yìí kì í padà bọ̀ sípò. Pródúsà tí etí rẹ̀ ti kú, owó wo ló fẹ́ fi ra òmíràn?

Gbígba ohùn nínú yàrá

Máìkì oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní condenser máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan: ohùn olórin, fáànù, àkùkọ aládùúgbò àti jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ó tún nílò iná 48 volt láti inú sound card. Èyí tí wọ́n ń pè ní dynamic, irú èyí tí àwọn olórin máa ń gbé lọ́wọ́ lórí ìtàgé, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó bá jìnnà sí i. Nínú ilé elérò púpọ̀, dynamic ló máa ń ṣe èèyàn lóore jù.

Yàrá tó ní táìsì, tí kò sì sí ẹrù nínú rẹ̀, máa ń dá ohùn padà. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti aṣọ wà nínú rẹ̀ sàn jù ú lọ. Kí olórin kọjú sí ibi tí aṣọ fi ha, tàbí kí wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn rẹ̀. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kì í dí ariwo, ìró díẹ̀ lásán ló ń gbà mọ́ra, iná sì lè tètè ràn án. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́yin.

Ìró tiwa ò níye lórí ọjà

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń lo àkójọ ìró kan náà tí gbogbo ayé ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí bíìtì wọn fi ń jọra. Bẹ́ẹ̀ rèé, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àgídìgbo wà láyìíká wọn. Fóònù tó dára lè gba ìró agogo kan sílẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì gbé e sínú sọ́fíwíà. Tó bá jẹ́ onílù gidi ni wọ́n pè wá lu ìlù, kí wọ́n bá a ṣe àdéhùn, kí wọ́n sì sanwó fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà kì í mọ ìlù wa fúnra rẹ̀ o. Àpótí 16 ni FL Studio máa ń fún èèyàn láti to ìlù sí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìlù ilẹ̀ Yorùbá ń lọ ní 12. Kí wọ́n yí i sí 12, kí wọ́n wá fi agogo sí àpótí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ìlù agogo yìí wọ́pọ̀ níwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ òrìṣà sì ṣì ń lù ú ní Cuba. Ẹni tó bá gbé kíìkì àti béèsì òde òní sábẹ́ rẹ̀ á rí i pé bíìtì rẹ̀ á dá yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà tún wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá kì í ṣe bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn nìkan ló ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko àti ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀. Tí pródúsà bá gbé Auto-Tune sórí ohùn olórin, tó jẹ́ kó fà á lọ síbi tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ lè yí padà lẹ́nu olórin. Kí ó máa fi etí sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tó bá ti tún ohùn ṣe, kó sì fi ọwọ́ dá èyí tó bá ṣì lọ padà.

Nígbà tí NEPA bá múná lọ

Ìnáwó tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ọn ni ti iná. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù fi dára ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi méjì: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ìkejì nínú fúláàṣì tàbí lórí Google Drive. Fáìlì WAV máa ń jẹ nǹkan bíi 10MB fún ìṣẹ́jú kan, torí náà tí dátà bá wọ́n, fúláàṣì ló rọrùn jù. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gba ohùn lóru nígbà tí àdúgbò bá ti dákẹ́, kí wọ́n wá to ìlù lọ́sàn-án pẹ̀lú hẹ́dífóònù.

Ta ló ni bíìtì náà?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nìyí. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ látìgbà tó bá ti gbà á sílẹ̀, kódà bí kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì máa gba ẹ̀tọ́ náà pátápátá, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí pródúsà àti olórin tó jọ jókòó ti orin, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: ta ló ṣe bíìtì, ta ló kọ ọ̀rọ̀, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹni kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí oníkálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n lónìí, àmọ́ tí orin bá mú owó wá lọ́la, ìwé yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́.

Kí wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé èèyàn lè gé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú orin ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Kò sí iye ìṣẹ́jú àáyá tí òfin ní kí èèyàn mú lọ́fẹ̀ẹ́. Orin fújì àtijọ́, jùjú àtijọ́, wọ́n ní olówó.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ní oṣù kìn-ín-ní, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú orin mẹ́ta tó mọ̀ dáadáa, kó sì gbìyànjú láti tún ìlù wọn tò, kì í ṣe láti gbé e jáde, bí kò ṣe láti mọ ibi tí ìlù ti ń wọlé àti ibi tó ti ń dákẹ́. Ọ̀pọ̀ Afrobeats máa ń wà láàárín 95 sí 115 BPM, ibẹ̀ ló dára kó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì, kó ṣe bíìtì mẹ́rin tirẹ̀, kó sì parí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìró aláyọ̀ onísẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ tó ń yí po kì í ṣe orin. Ní oṣù kẹta, kó pe olórin kan, kí wọ́n jọ parí orin kan, kí àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ gan-an. Tí kọ̀ǹpútà bá ń há, kó fi RAM tàbí SSD kún un. Tí títẹ dùùrù bá ń nira, kó ra kíìbọ́ọ̀dù MIDI kékeré oníbọ́tìnnì 25. Tó bá jẹ́ ohùn ló ń gbà jù, kó ra sound card àti máìkì. Sípíkà sítúdíò ló kẹ́yìn, torí nínú yàrá tí wọn ò tíì tún ṣe, sípíkà olówó ńlá náà á máa purọ́ ni.

Fún àwọn òbí, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ọmọ tó ń tọrọ owó irinṣẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: orin mélòó lo ti parí pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ? Tó bá lè mú mẹ́rin jáde, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Kò sì yẹ kí ọmọ fi iléèwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ torí rẹ̀, nítorí owó kì í tètè wọlé nídìí bíìtì. Àwọn tó bá ń fi ojú sílẹ̀ lè rí iṣẹ́ kéékèèké ṣe ládùúgbò: orin ìpolówó fún ṣọ́ọ̀bù, títún ohùn ìwàásù ṣe, orin fún ìnáwó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá ni kó ra máìkì, kì í ṣe owó ẹ̀yáwó.